Ohun Tí Ẹ Máa Yọ Kúrò Nínú Àpò

  

Ìjà kan ni mo fẹ́ ròyìn lónìí, ìjà tí mo jà nínú ilé ara mi, tí ọmọ ọdún 13 sì nà mí bí ẹni na aṣọ òfì. Káàdì la fi jà á. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ọmọ ọ̀hún, Peckham ní London ni wọ́n ń gbé, wọ́n wá lo ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, iná lọ, fóònù gbogbo wa ti kú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń bú ramúramù. Ọmọ náà gbé páálí kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní, "Àǹkù, ẹ jẹ́ n kọ́ yín ní Magic."

Mo ní irú Magic wo? Ó ní Magic: The Gathering. Ó da káàdì síwájú mi bí ẹni da àgbàdo sórí ẹní, ó tó igba, ó ní kí n ṣà nínú wọn, kí n to èyí tó bá wù mí pọ̀, òun náà yóò gbé tòun wá.

Mo mà ṣà wọ́n o! Ohun tó bá ti ní ìyẹ́ apá, mo mú un. Ohun tó bá ti ń yọ iná lẹ́nu, mo mú un. Dírágónì mẹ́fà, áńgẹ́lì mẹ́rin, òmìrán oríṣiríṣi. Nígbà tí mo kà á tán, káàdì 90 ló wà lọ́wọ́ mi, 18 péré nínú wọn ló jẹ́ ilẹ̀. Ẹ má tíì bi mí kí ni ilẹ̀. Ẹ ṣáà máa rántí nọ́ńbà méjèèjì yẹn.

A jókòó sídìí àtùpà. Nígbà tó fi máa kàn mí lẹ́ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú mi. Dírágónì mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Ọmọ yìí ti kó àwọn goblin jáde, àwọn iwin kéékèèké elétí ṣóńṣó, ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n gbá mi ní 2, wọ́n gbá mi ní 3, wọ́n gbá mi ní 5. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹkù, ẹ ti kú."

Màmá mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. "Ta ló kú? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta lo ní ó kú?" Wọ́n jáde tàwọn ti orógùn lọ́wọ́. Ọmọ ń ṣàlàyé pé eré ni, ẹ̀mí inú káàdì ló tán. Wọ́n ní eré kọ́ nìyẹn, a kì í fẹnu pe ikú sórí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, pàápàá lóru. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, ó ní kí ni kí òun máa wá sọ? Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní kó máa sọ pé "ẹ kú ìjókòó". Ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa látọjọ́ náà nìyẹn tí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá tán nídìí káàdì.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bí eré yìí ṣe dáyé. Ní 1991, ọkùnrin kan tó ń kàwé lórí ìmọ̀ ìṣirò, Richard Garfield, gbé eré kan tó ti ṣe lọ bá Peter Adkison, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Wizards of the Coast, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Eré rọ́bọ́ọ̀tì ni. Adkison ní ó dára, àmọ́ owó tí wọ́n máa fi ṣe é ju agbára àwọn lọ. Ó ní ohun tí òun ń wá ni eré tí kò wọ́n, tó ṣeé kì bọ àpò, tí àwọn tó wá síbi àpéjọ àwọn eléré lè fi pa àkókò tí wọ́n bá ń dúró de nǹkan mìíràn. Garfield lọ, ó tún padà wá, káàdì ló gbé dé. Oṣù Kẹjọ 1993 ni Magic jáde. Orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti tẹ àwọn káàdì àkọ́kọ́. Ọdún yẹn náà ni Garfield gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí iye ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan pọ̀. Ẹ fọkàn sí ìyẹn. Ẹni tó mọ títò ló ṣe eré yìí, títò náà ló sì ń pa àwọn ọ̀pẹ bíi tèmi.

Bí ẹ bá ti ta Whot rí, ẹ mọ̀ pé ìdì káàdì kan náà ni gbogbo yín ń fà. Bí ọjà bá burú, ó burú fún gbogbo ilé. Ayò ọlọ́pọ́n náà, ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé 12, ohun tó wà níwájú ọ̀ta náà ló wà níwájú ọ̀pẹ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Magic ò rí bẹ́ẹ̀. Kálukú ló ń gbé tiẹ̀ wá láti ilé. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ látọdún 1993 wá, ẹ̀yin lẹ máa yan ìwọ̀nba díẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wọ ìjà. Àwọn tó ń ta á ń pè é ní dẹ́ẹ̀kì. Èmi máa pè é ní àpò, torí àpò ọdẹ ló jọ lójú mi. Ọdẹ tó ń lọ igbó ìjù, kì í kó gbogbo ohun tó wà nínú ahéré rẹ̀ kọ́ èjìká.

Bí wọ́n ṣe ń ta á rèé, ní ṣókí. Ẹ̀mí 20 ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, ó kú ìjókòó. Káàdì 7 lẹ máa kọ́kọ́ mú sọ́wọ́, lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ fa ẹyọ kan nínú àpò yín, nígbàkúgbà tó bá kàn yín, àfi ẹni tó ṣáájú, tí kì í lọ sọ́jà nígbà àkọ́kọ́. Àwọn káàdì kan jẹ́ ilẹ̀. Ẹyọ ilẹ̀ kan péré lẹ lè tẹ́ nígbà tó bá kàn yín, ilẹ̀ ló sì ń pèsè mánà. Kì í ṣe mánà táwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí tibí náà ò bá rọ̀, ebi ni. Mánà yìí lẹ fi ń ra gbogbo nǹkan yòókù: ẹ̀dá tó máa jà fún yín, ọfọ̀ tẹ́ ẹ máa pè, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa lò. Iye tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń gbà wà ní igun òkè rẹ̀ lápá ọ̀tún. Tí ẹ bá ná mánà tán lónìí, ilẹ̀ yín yóò tún pèsè òmíràn nígbà tó bá tún kàn yín. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì nísàlẹ̀: agbára tó fi ń luni, àti ìyà tó lè jẹ kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí 90 mi.

Òfin ìdíje ni pé káàdì inú àpò kò gbọ́dọ̀ dín sí 60, káàdì kan náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀dà 4 lọ, àyàfi ilẹ̀ gidi bí igbó tàbí òkè, tẹ́ ẹ lè kó bó ṣe wù yín. Nígbà tí eré yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò rí bẹ́ẹ̀. 40 ni, kò sì sí ẹni tó ka ẹ̀dà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wá ń fi káàdì kan ṣoṣo kún àpò wọn, wọ́n ń pa èèyàn kí onítọ̀hún tó mọ ibi tó jókòó sí. Nígbà tó di 1994, òfin 60 àti 4 ti dé.

Òfin ní kó má dín sí 60. Kò ní kó má jù ú lọ. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìnà, mo rò pé bó bá pọ̀ ló máa lágbára. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní ẹ ní káàdì kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ẹ sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sínú àpò 60. Nínú ìgbà 100 tẹ́ ẹ bá mú káàdì 7 àkọ́kọ́, ẹ ó rí ọ̀kan nínú wọn tó nǹkan bí ìgbà 40. Bí àpò yín bá jẹ́ 90, ó di ìgbà 28. Ohun tẹ́ ẹ fi káàdì 30 rà nìyẹn: ẹ fi èyí tó dára pa mọ́ fún ara yín. Káàdì kọkànlélọ́gọ́ta ń jókòó síbi tí èyí tó dára jù ú lọ ì bá jókòó sí. Nítorí náà, 60 géérégé, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní 62 ò burú. Ọmọ àbúrò mi sọ ọ́ lọ́nà tó le ju tèmi lọ. Ó ka àpò mi tán, ó ní, "Àǹkù, àpò yín ò ní ìdí, ẹ ò ṣáà lè pinnu ni."

Ó tún wá ku ti ilẹ̀, òun gan-an ló pa mí.

Ilẹ̀ ò dùn ún wò. Kò yọ iná lẹ́nu. Òkè ni wọ́n yà síbẹ̀, tàbí igbó, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi máa ń fẹ́ dín in kù láti fi àyè gba dírágónì kan sí i. Ìwọ̀n tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń fi kọ́ni ni 24 nínú 60. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Àpò tí gbogbo ohun inú rẹ̀ bá pọ́ọ́kú lè sọ̀ kalẹ̀ sí 21 tàbí 22. Àpò onísùúrù tó ń dúró de nǹkan ńlá lè dé 26. Pẹ̀lú 24, ẹ ó rí ilẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú káàdì 7 àkọ́kọ́ ní ìgbà 77 nínú 100, èyí tó ṣeé fi bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìgbà tẹ́ ẹ máa rí ẹyọ kan péré, tàbí kẹ́ ẹ má rí rárá, ó tó ìgbà 14.

Mo wá jókòó lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bírò àti ẹ̀yìn káléńdà àtijọ́, mo ṣírò tèmi: ilẹ̀ 18 nínú 90. Ìgbà 57 nínú 100 ni èmi máa mú káàdì 7 tí ilẹ̀ inú rẹ̀ ò ní ju ẹyọ kan lọ. Ju ìdajì lọ! Mo ti kú kí n tó jókòó, màmá mi ì báà gbé orógùn méjì.

Àtúnṣe díẹ̀ wà fún ẹni tí ọjà bá burú fún. Ẹ lè dá 7 àkọ́kọ́ padà, kẹ́ ẹ da àpò rú, kẹ́ ẹ mú 7 mìíràn, àmọ́ ẹ ó fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò. Tẹ́ ẹ bá tún dá a padà, ó di ẹyọ méjì. Láti 2019 ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ má tijú àtidá a padà. Ẹni tó di ilẹ̀ kan mú tó ń sọ pé "ó máa wá" máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì alẹ́ lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ò gbà mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ márùn-ún ló wà, kálukú ló ní ilẹ̀ tiẹ̀. Funfun, ọ̀dàn ni ilẹ̀ rẹ̀: ọmọ ogun, áńgẹ́lì, ìwòsàn. Búlúù ń gbé erékùṣù: ọgbọ́n àti ẹ̀tàn, ó lè da ọfọ̀ nù mọ́ yín lẹ́nu kó tó ṣẹ. Dúdú wà nínú irà, ikú ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀mí ara yín san gbèsè. Pupa ń gbé orí òkè: iná, àrá, ìkánjú. Àwọ̀ ewé, inú igbó ló ti wá, tòun ti ẹranko ńlá àti mánà yanturu. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ràn búlúù nítorí Teferi, oṣó aláwọ̀ dúdú tó ń fi àkókò ṣeré. Inú ìtàn Mirage ló ti jáde, àkójọ káàdì tí wọ́n gbé jáde ní 1996, tí wọ́n fi ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àwòkọ́ṣe ayé inú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i, òun rò pé ẹni àdúgbò àwọn ni.

Ilẹ̀ àwọ̀ kan kì í sanwó àwọ̀ mìíràn. Àpò mi àkọ́kọ́ ní àwọ̀ mẹ́rin. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo rí lọ́jọ́ náà, erékùṣù ni, dírágónì tó wà lọ́wọ́ mi sì ń bèèrè òkè. Ẹ fi àwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀, tó bá pọ̀ jù, méjì. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ má kàn pín ilẹ̀ sí 12 àti 12. Ẹ ka àmì àwọ̀ tó wà lórí àwọn káàdì yín yòókù, èyí tó bá pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ fún ní ilẹ̀ jù. Èmi ń lo igbó 14, òkè 10 báyìí.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan nípa iye mánà tí káàdì ń gbà. Títí di àárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn èèyàn gbà pé káàdì ńlá ló ń jẹ́ káàdì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jay Schneider wá to àpò pupa kan pọ̀, ó fi àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí àwọn èèyàn kà sí páálí lásán kún inú rẹ̀. Paul Sligh gbé e lọ sí ìdíje kan ní Atlanta ní 1996, ó ṣe ipò kejì, orúkọ Sligh ni wọ́n sì fi ń pe irú àpò bẹ́ẹ̀ títí dòní. Schneider tó tò ó, ó ṣeni láàánú, orúkọ ò kan án. Kí ni àṣírí rẹ̀? Pé mánà tẹ́ ẹ kò bá ná lónìí ti ṣòfò, kò sí báńkì tó máa bá yín tọ́jú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ ẹ ní mánà 1, nígbà kejì 2, nígbà kẹta 3, nígbà kẹrin 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí káàdì rẹ̀ tó kéré jù bá ń gba 4, ó ti da 6 nínú 10 nù kó tó na ọwọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ní nǹkan tó máa rà lójoojúmọ́ ná gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti yọ ilẹ̀ 24 kúrò, 36 ló kù. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní òpó òpó, olówó 1, ìyẹn àwọn tó ń gba mánà 1, síbí, olówó 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí lọ. Tèmi rí báyìí: olówó 1 mẹ́wàá, olówó 2 mẹ́jọ, olówó 3 mẹ́fà, olówó 4 mẹ́fà, olówó 5 mẹ́rin, olówó 6 méjì. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ó dà bí òkè tó ga nídìí, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Tí òpó tiyín bá ga lápá ìparí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀bẹ máa bá.

Nínú olówó 1 mi, mẹ́rin ni Llanowar Elves, iwin inú igbó. Agbára 1, ìyà 1, kò jọ nǹkan kan. Àmọ́ òun náà ń pèsè mánà bí ilẹ̀. Tí mo bá gbé e kalẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mánà 3 ni mo ní nígbà kejì, nígbà tí ẹnì kejì mi ṣì wà lórí 2. Ọmọ àbúrò mi kórìíra wọn. Tó bá ti rí i, ẹdùn àrá ló máa ń sọ lù ú: Lightning Bolt, mánà pupa kan, ìyà 3 fún ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ̀dá tàbí ẹni tó jókòó síwájú yín fúnra rẹ̀. Látọdún 1993 ló ti wà, mi ò sì rò pé káàdì kan wà tó kọ́ ọ̀pẹ lẹ́kọ̀ọ́ jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe kọ́ mi. Mo rán béárì mi kan síta, Grizzly Bears, agbára 2, ìyà 2. Ọmọ yìí fi òmìrán kan dínà rẹ̀, agbára 3, ìyà 3. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, torí Giant Growth wà lọ́wọ́ mi, mánà ewé kan, tó ń fi 3 kún agbára, tó sì ń fi 3 kún ìyà. Béárì mi máa di 5, òmìrán máa kú. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọmọ yìí ò tilẹ̀ wojú mi. Ó gbé Lightning Bolt lé e lórí, béárì ló sọ ọ́ lù. Mo ní tèmi ló ṣáájú! Ó ní "Àǹkù, bí àwo ni." Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń to àwo tí wọ́n ti fọ̀? Èyí tí wọ́n gbé lé e kẹ́yìn lẹ máa kọ́kọ́ mú. Ẹdùn àrá rẹ̀ ló wà lókè, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ. Béárì ṣì jẹ́ 2 nígbà tí ìyà 3 dé bá a, ó kú, nígbà tó sì máa kan Giant Growth mi, kò sí ẹni tó máa fún lóúnjẹ mọ́. Òun lo káàdì kan. Èmi pàdánù méjì.

Èyí kan àpò títò gan-an. Káàdì tí kò lè dá ṣe nǹkan kan láìsí òmíràn níwájú rẹ̀, ẹ fi ṣe ìwọ̀nba. Mo ní mẹ́rin nínú Giant Growth tẹ́lẹ̀, méjì ló kù. Lightning Bolt ń dá ìrìn rẹ̀ rìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń béèrè pé ṣé kò ní náni lówó gọbọi. Ó sinmi lórí ohun tẹ́ ẹ bá ń wá. Black Lotus, ọ̀kan nínú àwọn káàdì ọdún 1993, owó rẹ̀ kọ́lé. Àmọ́ àwọn ìdíje tó pọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ gbà kẹ́ ẹ mú un wọlé. Béárì àti iwin tí mò ń sọ yìí ò tó owó búrẹ́dì nígbà mìíràn. Àpò wà tí ilé iṣẹ́ náà ti tò tán fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, eré náà sì wà lórí fóònù lórúkọ Arena. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kàn dán an wò nílé, ẹ kọ orúkọ káàdì sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Whot tó ti gbó. Kò sẹ́ni tó máa mú yín nínú pálọ̀. Ohun tí mi ò ní gba ọ̀pẹ nímọ̀ràn rẹ̀, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fà á lọ́wọ́, ni kó fi Commander bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oríṣi tó ń gba káàdì 100, tí kò sì sí ẹ̀dà kejì fún ohunkóhun àyàfi ilẹ̀ gidi. Adùn wà níbẹ̀ o. Àmọ́ níbi tí gbogbo káàdì ti jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ò ní tètè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn ń jẹun.

Èyí tó ń jẹun, bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ da àpò rú, ẹ mú 7, ẹ dá a ta láìsí ẹnì kejì, nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bá kàn yín, kẹ́ ẹ tún kó o jọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Káàdì tó bá wà lọ́wọ́ yín títí eré fi parí, tẹ́ ẹ sì ń wò ó bí gbèsè, ẹ fi bírò sàmì sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Tí àmì rẹ̀ bá di mẹ́ta, ẹ mú un jáde. Dírágónì mẹ́fà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Shivan Dragon, mánà 6, agbára 5, ìyà 5, ó ń fò, ẹwà rẹ̀ pọ̀. Mo yọ ọ̀kan ní ọjọ́ Àìkú, mo yọ méjì ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí mo yọ ẹ̀kẹrin, ó ṣe mí bí ẹni tó ta òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Méjì péré ló kù, mo sì ń rí wọn báyìí nígbà tí mo bá ní mánà tí mo máa fi gbé wọn jáde.

Lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ máa mọ́ kí wọ́n padà sí London, àwa méjèèjì tún jókòó. Iná wà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ yìí mú 7, mo rí i tó wò ó pẹ́, ó ní òun á dì í mú. Òkè kan péré ló tẹ́, goblin kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kò rí ilẹ̀ kankan tẹ́ mọ́ fún ìgbà mẹ́ta. Èmi ti gbé iwin kalẹ̀, mo gbé béárì, mo gbé òmíràn tẹ̀ lé e, mi ò tilẹ̀ rántí dírágónì. Ó fi Lightning Bolt pa iwin, ó pa béárì kan. Nígbà tó kàn mí lẹ́ẹ̀keje, ẹ̀mí 2 ló kù fún un. Ó ń wo ọwọ́ mi. Mo yọ káàdì kan, mo rọra tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀: ẹdùn àrá.

Mo ní, "O kú ìjókòó o."

Màmá mi, tí oorun ti ń gbé lọ, dáhùn láti inú yàrá: "Ẹ kú àbọ̀ o. Ta ló dé?"